Ìlà Keje Tí Mi Ò Kà ní Ṣọ́ọ̀ṣì

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń kọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, tí mo sì ń pa á rẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí níbí mọ̀ pé mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo máa ń ka ohun tí ẹ bá kọ síbí, màá rẹ́rìn-ín, màá sì bá tèmi lọ. Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi yìí, tàbí kí n sọ pé ohun tí mo fọwọ́ ara mi ṣe, mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, láìfi kún un, láìyọ kúrò. Yíyọ kúrò ló kó mi sí i.

Ojowo ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni mò ń gbé. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí mo ti ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé, tí mo sì ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Ilé ìwòsàn Dókítà wà lẹ́yìn ògiri mi. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí kò mọ̀ pé mò ń kọ èyí, kò sì ṣe ohun tó burú kankan. Ẹ máa pè é ní Dókítà bí gbogbo wa ṣe ń pè é.

Dókítà ní àṣà kan tí mi ò rí níbòmíràn. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan, á kọ ìmọ̀ràn ìlera sínú ìwé kan. Oṣù yìí, ẹ̀jẹ̀ ríru. Oṣù tó tẹ̀ lé e, omi mímu. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń kọ ọ́. Mátírọ̀nì, olórí àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀, á gbé e wá fún mi, èmi á yí i sí Yorùbá, màá tẹ̀ ẹ́, màá sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Wọ́n á lẹ ọ̀kan mọ́ ògiri níbi tí àwọn aláìsàn ń jókòó sí. Ìyókù á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti gáréèjì àwọn ọlọ́kadà, ẹnì kan á sì wà níbi kọ̀ọ̀kan tó máa kà á sókè. Dókítà ní ẹni tó bá ti wọ ilé ìwòsàn òun, ara ti ń ro ó ná. Ẹni tí òun ń wá ni ẹni tó ṣì jókòó sílé, tó ń sọ pé kò sí nǹkan.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tiwa, èmi ni mò ń kà á nígbà ìkéde, kí wọ́n tó kọ orin ìkẹyìn.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ yàn wá, Mátírọ̀nì kó gbogbo àwa tí a ó máa kàwé jọ sí fàráńdà ilé ìwòsàn. Ọkùnrin tó ń kà á fún àwọn ọlọ́kadà béèrè bóyá òun lè gé e kúrú, pé àwọn èèyàn òun kò ní sùúrù. Mátírọ̀nì ní kó gé oúnjẹ alẹ́ tirẹ̀ kúrú bó bá wù ú, kó má fọwọ́ kan ìwé Dókítà. A rẹ́rìn-ín. Ó wá ní kò sí ẹnì kankan nínú wa tó mọ ẹni tí wọ́n kọ ìlà kọ̀ọ̀kan fún, nítorí náà, kí a ka gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀rín tèmi ló pọ̀ jù lọ́jọ́ yẹn. Ta ló lè ronú pé èmi ni màá gé ìwé kúrú?

Èmi ni akọ̀wé Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá láti ọdún mọ́kànlá. Bí ẹnì kan bá dé ìpàdé lẹ́yìn àdúrà, màá kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ tó sì kó o jẹ, màá kọ ọ́ pé ó sọ ọ́, ó sì kó o jẹ. Wọ́n máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀, pàápàá Ìyá Bùkọ́lá. Nígbà kan tó húkọ́ láàárín ìpàdé, ó na ọrùn wo ìwé mi, ó ní, "Akọ̀wé, ṣé o ti kọ ikọ́ mi sílẹ̀? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo hú u o." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá Bùkọ́lá kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ó fi ọdún méje jù mí lọ. Obì ló ń tà. Ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò nínú apẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ ni mo lè pè é, àmọ́ ó tún ju ọ̀rẹ́ lọ. Òun ló dì mí mú lọ́jọ́ tí a sin ìyá mi. Kò kàwé púpọ̀, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́. Tí mo bá pín ìwé Dókítà lẹ́yìn ìsìn, kì í gbà á. Á ní kí ni òun fẹ́ fi ṣe, nígbà tí òun ti gbọ́ ọ lẹ́nu Akọ̀wé.

Oṣù tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ohun tí Dókítà kọ ni àwọn àmì tí èèyàn kò gbọ́dọ̀ fojú fo, torí ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ ló ń bẹ̀rẹ̀. Àmì méje ni. Ikọ́ tó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Egbò tí kò jinná. Kí ara máa rù láìnídìí. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́. Ìtọ̀ tó ń ṣòro tọ̀ fún àwọn bàbá. Kókó nínú ọmú. Ìkeje, mo tẹ̀ ẹ́ báyìí: "Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró láti ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó wá tún rí ẹ̀jẹ̀ lójú ara rẹ̀, ì báà jẹ́ díẹ̀, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, ì báà má dùn ún rárá, kó tètè wá."

Títẹ̀ ẹ́ kò nira. Èmi nìkan ni mo wà níwájú kọ̀ǹpútà. Ogójì ẹ̀dà ti ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo kó sínú báàgì mi, Mátírọ̀nì sì gba ìyókù.

Nígbà tó di Sunday, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Àlùfáà àgbà kan wá bẹ̀ wá wò, Fíkà wa sì ti kìlọ̀ pé kí gbogbo nǹkan lọ létòlétò. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó jẹ́ olórí ẹbí wọn, jókòó sí ìlà kejì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọlé wọn, mi ò wo ojú ọkùnrin yẹn tààrà rí bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ìyàwó ilé Ìjẹ̀bú, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ikọ́, egbò, ara rírù, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, gbogbo rẹ̀ lọ dáadáa. Nígbà tí mo dé orí ìtọ̀ àwọn bàbá, àwọn àgbàlagbà kan mi orí, ẹnì kan sì kùn lẹ́yìn pé òótọ́ ni. Mo dé orí ọmú. Àwọn ọmọ kan nínú akọrin rẹ́rìn-ín sínú aṣọ wọn. Mo gbọ́ ọ.

Mo gbé ojú sókè. Àlùfáà àgbà ń wò mí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń wò mí. Ìlà keje wà níwájú mi, mo sì rí "ojú ara" nínú rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi iná tàn án.

Mo fò ó.

Ká ní mo fò ó lásán ni, ǹ bá sọ pé ẹ̀rù ló bà mí. Àmọ́ ní ìsàlẹ̀ ìwé, ohun tí mo tẹ̀ ni pé, "Bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú méje yìí, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn." Ẹ mọ ohun tí mo kà? Mo ka mẹ́fà. Mo yí i padà lẹ́nu mi, kí ẹni tó bá ń ka iye rẹ̀ lọ́kàn má bàa mọ̀ pé ó dín kan. Akọ̀wé tí kì í ṣàṣìṣe! Ìfarabalẹ̀ mi yẹn náà ni mo fi tún irọ́ ṣe.

Mi ò pín ìwé lọ́jọ́ yẹn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ pín in, nígbà tí méje wà nínú ìwé, tí ẹnu mi ti sọ mẹ́fà? Mo kó ogójì ẹ̀dà náà padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo tì wọ́n sínú àpótí tábìlì mi.

Ìyá Bùkọ́lá bá mi lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn èèyàn ń jáde, wọ́n ń kí ara wọn. Ó dúró tì mí díẹ̀, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó yẹ kí ìyẹn tó láti kìlọ̀ fún mi. Ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀.

"Akọ̀wé, mẹ́fà yẹn ni gbogbo ẹ̀?"

"Mẹ́fà ni, mà."

"Kò sí òmíràn?"

"Kò sí, mà."

Ó ní mo ṣeun, ọkàn òun balẹ̀. Ó fọwọ́ lù mí léjìká, ó sì lọ wá kẹ̀kẹ́ tí yóò gbé e lọ sílé.

Mo ti bi ara mi léèrè ní ọ̀pọ̀ ìgbà pé kí ló dé tí mi ò fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tí mo sọ fún ara mi nígbà yẹn ni pé màá ka ìkeje náà ní ìpàdé Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá lọ́jọ́ Tuesday, níbi tí kò sí ọkùnrin. Tuesday dé, wọ́n ń jà lórí ẹni tí yóò se oúnjẹ Ìkórè. Mo kọ ìjà náà sílẹ̀ ọ̀rọ̀ kan kò ṣẹ́ kù. Ìwé Dókítà, mi ò mẹ́nu bà á. Tuesday kejì, mo ní ó ti pẹ́ jù, wọ́n á béèrè ìdí tí mi ò fi kà á ní Sunday. Lẹ́yìn ìyẹn, mo gbàgbé. Tàbí kí n sọ pé mo gba ara mi láyè láti gbàgbé.

Oṣù márùn-ún kọjá.

Ìyá Bùkọ́lá ń rù. A ń sọ ọ́ láàárín ara wa, àwọn kan ní iṣẹ́ obì ló pọ̀ jù fún un. Ó wá lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Abigi, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, níbi tí Bùkọ́lá ti ń ṣe tíṣà. Ọ̀sẹ̀ kan ló fẹ́ lò. Lọ́jọ́ kẹta, Bùkọ́lá rí àwọn àkísà tí ìyá rẹ̀ fọ̀, tó sì fi aṣọ mìíràn bò lórí okùn. Ó bi í léèrè títí ó fi jẹ́wọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ náà gba àyè níbi iṣẹ́, ó sì fa ìyá rẹ̀ padà wá sí Ojowo, ó mú un tọ Dókítà lọ.

Gbogbo èyí, mi ò mọ̀ ọ́n. Èmi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn nígbà tí Ìyá Bùkọ́lá wọlé pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́. Ó ní kí n bá òun ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjì, pé ilé ìwòsàn ńlá tí Dókítà ń rán òun lọ máa béèrè rẹ̀. Mo gbé ìwé náà lé ẹ̀rọ, ojú mi sì bọ́ sórí ohun tí Dókítà kọ: ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró, ó ti lé ní oṣù mẹ́fà.

Oṣù mẹ́fà. Mo kà á padà lọ sẹ́yìn. Ó ti ń rí i kí n tó dìde kàwé ní Sunday yẹn.

Bí ẹ̀rọ ṣe ń dún lọ́wọ́, Ìyá Bùkọ́lá ń bá mi sọ̀rọ̀ ní Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé bó ṣe máa ń ṣe tí àwa méjèèjì nìkan bá wà. Ó ní ojú ló ń ti òun láti sọ fún ẹnikẹ́ni. Obìnrin kan ṣoṣo tí òun sọ ọ́ fún, tó ń ra obì lọ́wọ́ òun, ní kí òun máa dúpẹ́, pé ara òun ń padà di ọ̀dọ́ ni. Ó ní nígbà tí mo ka ìwé yẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ń dúró kí n pe tòun. Mi ò pè é. Ó tún wá bi mí lẹ́nu géètì, mo ní kò sí òmíràn. Òun wá gbà pé èyí tó ń ṣe òun kò sí lára àwọn tó burú.

Ó sọ ọ́ láìbínú. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàlàyé fún mi ìdí tí òun kò fi tètè lọ, bí ẹni pé ẹjọ́ òun ló ń rò.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kó ẹ̀dà méjì náà lé e lọ́wọ́, mo ní Ọlọ́run á wò ó sàn. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì!

Nígbà tó lọ, mo ṣí àpótí tábìlì mi. Ogójì ẹ̀dà náà wà níbẹ̀, etí wọn kò tilẹ̀ ká. Mo mú ọ̀kan, mo tọ Dókítà lọ. Mo dúró títí aláìsàn ìkẹyìn fi jáde, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ mi tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún fún ìgbà pípẹ́. Mo bi í bóyá oṣù márùn-ún yẹn ti ba nǹkan jẹ́. Mo fẹ́ kó parọ́ fún mi, mi ò ní ṣẹ́.

"Màmá, mi ò lè sọ fún yín pé kò ṣe nǹkan kan," ó ní. "Mi ò sì lè sọ pé òun ló fa ohunkóhun. Àmọ́ èmi kọ́ lẹ ṣẹ̀."

Ẹsẹ̀ ni mo fi rin lọ sílé Ìyá Bùkọ́lá. Mo bá a nídìí apẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa àwọn obì tí kòkòrò ti jẹ kúrò nínú èyí tó dára. Bùkọ́lá wà nínú yàrá, ó ń di ẹrù ilé ìwòsàn. Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí ló dé tí mò ń kúnlẹ̀, ṣé òun ti kú ni? Mo na ìwé náà sí i. Ó ní mo ṣáà mọ̀ pé òun kò ríran, kí n kà á fún òun.

Mo kà á láti òkè. Nígbà tí mo dé ìlà keje, ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú apẹ̀rẹ̀. Mo kà á tán.

Ó mú obì kan, ó yí i wò, ó jù ú sọ́dọ̀ àwọn tó bàjẹ́. Ó mú òmíràn.

"Ó wà níwájú rẹ nígbà tí mo bi ọ́ lẹ́nu géètì?"

"Inú báàgì mi ló wà, mà."

"O sì ní mẹ́fà."

"Mo ní mẹ́fà."

Ó bi mí pé ojú ta ló ń tì mí. Mo sọ fún un: àlùfáà àgbà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, àwọn ọmọ akọrin tó ń rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe ń ka orúkọ wọn, mo gbọ́ bó ṣe kéré tó. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rín tó fi ń bá mi ṣeré. Ó ní ojú ti òun náà. Ó ní ká ní ojú kò ti òun ni, òun kì bá ti bi mí ní mẹ́fà tàbí méje, òun ì bá ti sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ ni òun ń rí.

"Àmọ́ èmi, ara mi ni mo fi pa mọ́," ó ní. "Ìwọ, ìwé ni wọ́n fún ọ. Máa lọ sílé, Akọ̀wé. Mi ò fẹ́ bú ọ lónìí."

Mo lọ. Kò bú mi, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, mo gbàyè lọ́wọ́ Fíkà. Mo dìde nígbà ìkéde, mo ka méjèèje, mo sì sọ fún ìjọ pé méje ló wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, pé èmi ni mo yọ ọ̀kan nítorí ojú ń tì mí, pé mo tún yí iye rẹ̀ padà. Mi ò dárúkọ Ìyá Bùkọ́lá. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wolẹ̀. Mo pín ogójì ẹ̀dà náà, kò sì ku ọ̀kan. Àwọn ìyá kan kò kí mi nígbà tí a jáde, mi ò sì dá wọn lẹ́bi.

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún Ìyá Bùkọ́lá, wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀. Fún oṣù kan, kò ránṣẹ́ sí mi. Nígbà tó yá, Bùkọ́lá pè mí, ó ní òun kò lè fi kíláàsì òun sílẹ̀, pé ìyá òun ní kí n bá a lọ gba èsì àyẹ̀wò. Mi ò béèrè ìdí tó fi jẹ́ èmi. Mo lọ.

Dókítà ilé ìwòsàn ńlá sọ̀rọ̀ kíákíá ní Gẹ̀ẹ́sì, ó kó ìwé lé wa lọ́wọ́, ó pe ẹlòmíràn. A jáde lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Ìyá Bùkọ́lá gbé ìwé náà lé mi lẹ́sẹ̀.

"Kà á," ó ní.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí i sí Yorùbá fún un. Ojú mi ti ṣáájú ẹnu mi lọ, mo sì rí ìlà tó wà níwájú kí n tó dé ibẹ̀. Ẹnu mi falẹ̀. Òun náà rí i, torí kò wo ìwé, ẹnu mi ló ń wò. Mo ka ìlà náà: pé àìsàn náà ti kúrò nínú ilé ọmọ, ó ti dé ibì kan tó sún mọ́ ọn. Ó mi orí. Ó bi mí bóyá ó tán. Mo ní ó ku ọ̀kan, mo sì kà á: pé ìtọ́jú á bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó má ṣe pa ọjọ́ kankan jẹ.

Ó gba ìwé náà padà, ó ká a, ó fi í sínú àpò rẹ̀.

"Báyìí ló yẹ kó o ti kà á nígbà yẹn," ó ní. Lẹ́yìn náà, ó ní kí n dìde, kí a lọ wá ọkọ̀.

Ó ṣì ń gba ìtọ́jú. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún wa bí yóò ṣe rí. Òun ló ní kí n kọ èyí, kí n má sì fi orúkọ òun sí i. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò gùn. Bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ rán ọ sí èèyàn, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tìẹ, ojú tó ń tì ọ́ kò sì ní ẹ̀tọ́ láti yàn nínú rẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń ka èyí, tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣe yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró kí ẹnì kan tó kà á fún yín.

Ṣé ẹ̀yin náà ti gbé ọ̀rọ̀ kan mì rí, tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló jìyà rẹ̀? Bí ẹ bá lè sọ ọ́, ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ níbí. Màá kà á, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.